104 náà ni 0.1: bí a ṣe ń yí nọ́ńbà kapásítọ̀ láti máíkró sí nánò sí píkò

Lọ́jọ́sí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkèṣà níbí ní Adó-Èkìtì, mo ní kí wọ́n fún mi ní kapásítọ̀ 0.1 máíkró méjì, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń gba iná pamọ́ sínú nínú rédíò àti fáànù, ọmọ tó wà níbẹ̀ tú páálí, ó tú nylon, ó wá gbójú sókè ó ní, "Brọ̀dá, kò sí o, 104 nìkan ló kù." Ẹ̀rín ń pa mí ṣùgbọ́n mi ò rín in, torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. 104 yẹn gan-an ni mo wá rà!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú un láti ìsàlẹ̀. Fárádì ni wọ́n fi ń wọn bí kapásítọ̀ ṣe lè gba iná sínú tó, orúkọ Michael Faraday ni wọ́n fi sọ ọ́, ará Ìlú Ọba ni. Àmọ́ odindi fárádì kan ti tóbi jù fún rédíò àti fáànù tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e wẹ́wẹ́. Fárádì 1 jẹ́ mílí 1000, mílí 1 jẹ́ máíkró 1000, máíkró 1 jẹ́ nánò 1000, nánò 1 jẹ́ píkò 1000. Wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: mF, µF, nF, pF. Ẹlòmíì á kọ uF torí kò rí µ lórí kíbọ́ọ̀dù, ìkan náà ni.

Ibi tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn sọ ọ́ di púpọ̀ ni àbí kí àwọn pín in. Ẹ ro ti gàrí. Tẹ́ ẹ bá fi kóńgò wọ̀n ọ́n, ó lè jẹ́ kóńgò mẹ́ta péré, tẹ́ ẹ bá wá fi ṣíbí wọn gàrí kan náà ẹ máa kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, gàrí ò sì pọ̀ sí i. Máíkró ni kóńgò, nánò ni ṣíbí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tó kéré, nọ́ńbà á pọ̀, ẹ sún pọ́ìntì sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tó tóbi, ẹ sún un sósì lẹ́ẹ̀mẹta. 0.1 µF á di 100 nF, á di 100,000 pF. Ẹ dá a padà: 4700 pF á di 4.7 nF, á di 0.0047 µF. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti 104, àwọn kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ò láyè lára tí wọ́n máa kọ nǹkan gígùn sí. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ìkẹta ń sọ iye òdo tẹ́ ẹ máa fi sí i, èsì ẹ̀ sì máa ń jẹ́ píkò. 10, òdo mẹ́rin, 100,000 pF, tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé 0.1 µF ni. 223 jẹ́ 22,000 pF, ìyẹn 22 nF. 472 jẹ́ 4700 pF. Tẹ́ ẹ bá rí 4n7, n yẹn dúró sípò pọ́ìntì ni, 4.7 nF. J tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ní ó lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín, K jẹ́ mẹ́wàá.

Ẹ ṣọ́ra fún MFD o, àti mF tí wọ́n ń kọ sára kapásítọ̀ àtijọ́ ti mọ́tò iná, irú èyí tó ń yí fáànù. Máíkró ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe mílí. Fáànù wo ló fẹ́ fi mílífárádì 2.5 ṣe kí ni?

Fáànù òkè àǹtí mi ní Ìkẹ́rẹ́, 2.5 µF ló wà nínú ẹ̀, pọ́ìntì ti pa rẹ́, ẹni tó bá wọn tún un ṣe ka 25, ó sì lọ ra 25 lóòótọ́. Fáànù yí o, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó tó di alẹ́ ni òórùn kọ́ìlì tó ń jó gba gbogbo pálọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní mítà tó ń wọn kapásítọ̀, ẹ kọ́kọ́ pa iná, kẹ́ ẹ fi wáyà gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní okùn tín-ín-rín tó ń pọ́n nínú, kan ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ náà kó lè tú iná inú ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ti máíkrówéèfù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ń pààyàn. Kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n. 2.5 tó ní J lára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2.375 sí 2.625. Tí mítà bá kọ 2430 nF ẹ má bẹ̀rù, 2.43 µF ni, ó pé. Tó bá kọ 1100 nF, 1.1 lásán nìyẹn, ó ti kú, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ ti fáànù kó tó yí. Bẹ́ ẹ ṣe ń ra òmíì, fóòtì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àtijọ́, 450V ni kẹ́ ẹ fi dípò 450V.

Tí wọn ò bá ní 2.5, ẹ lè so 1.5 àti 1 pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì mọ́ ẹsẹ̀ kejì, wọ́n á di 2.5. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìwọ̀n wọn di ìkan náà kẹ́ ẹ tó ròó pọ̀. 1 µF pẹ̀lú 470 nF kì í ṣe 471, 1.47 µF ni.