Bí mo ṣe mú wolé-wolé àti nọ́ọ̀sì wá sídìí kànga wa ní Ìkòròdú

Owó dírípù ló kọ́kọ́ dùn mí. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ yàrá kejì, ó mú ìyá rẹ̀, ó tún kan àbúrò mi tó wá kí mi. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé wolé-wolé ti wọ ilé yìí rí! Wọ́n já ìwé àkìlọ̀ fún bàbá onílé pé ṣalánga sún mọ́ kànga jù, wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá ká ìwé náà, ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ti wá kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́. Wọ́n kọrin, a pàtẹ́wọ́, omi kànga yẹn náà la sì fi fọwọ́ ọ̀hún.

Mo ní àfi kí wọ́n jọ wá lọ́jọ́ kan náà. Hàà, ibẹ̀ ni wàhálà wà! Ọ́fíìsì àkọ́kọ́, ti wolé-wolé, ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Ìkejì, ti àwọn nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ògiri kan ló pín wọn, ní ẹ̀kọ́ ìlera ni tàwọn, ọ̀rọ̀ ṣalánga ò kan àwọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí àìsàn ń gbà wọlé ò kan ẹ̀kọ́ ìlera ni?" Wọ́n ní kí n má bínú, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Ọ̀gá lọ sí ìpàdé. Ọ̀gá lọ síbi òkú. Ọ̀gá ń bọ̀. Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá, ìdúró ló dúró buwọ́ lù ú! Ìbúwọ́lùwé lásánlàsàn ló ń dá ẹ̀mí èèyàn dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ dé, ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni. Wolé-wolé na téèpù láti ṣalánga dé ẹnu kànga: kò tó mítà 10, bẹ́ẹ̀ 30 ló yẹ kó jẹ́. Kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, nọ́ọ̀sì ti ń sọ bí kòkòrò onígbáméjì ṣe ń gba inú ilẹ̀ wọ omi, ó rán wa létí èyí tó jà l'Ékòó lọ́dún 2024. Bàbá gbé fìlà kúrò lórí, kò sọ nǹkan kan.

Bíbo kànga àti dída chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i kò le. Àmọ́ nọ́ọ̀sì là á mọ́lẹ̀ pé chlorine ẹ̀ẹ̀kan ò ní dá ohun tó ń ṣàn wọlé lójoojúmọ́ dúró. Ilẹ̀ wa ò sì gba mítà 30, ká má tan ara wa. Omi kànga di ti aṣọ fífọ̀; mímu gbọ́dọ̀ hó dáadáa lórí iná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, lẹ́tà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ sí ọ́fíìsì méjèèjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì dá bàbá onílé lóhùn tó bá ní òun ò rí ìwé kankan.