Yìnyín lórí apá ọkọ̀ òfuurufú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ní kùtùkùtù, mo bá ìrì dídì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí apá ọkọ̀ òfuurufú wa. Kò wúwo rárá. Ṣé a lè gbéra bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbéra. Ìwúwo kọ́ ni ẹjọ́ yìnyín. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ṣàn lórí apá, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ẹ̀yìn, ni ó ń gbé ọkọ̀ ròkè. Bí ojú apá kò bá dán mọ́, afẹ́fẹ́ náà á tètè já kúrò lára rẹ̀. Ìrì dídì tí kò ju ojú sáńpépà káfíńtà lọ lè gba tó ìdá 30 nínú 100 lọ́wọ́ agbára ìgbéròkè, kí ó sì fi tó ìdá 40 kún agbára tí ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá náà; bí ó bá ha yín lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi omi oògùn tí ń yọ́ yìnyín fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: A wà nínú ìkùukùu, agbára ẹ́ńjìnnì kò yí padà, síbẹ̀ eré ọkọ̀ ń dín kù. Kí ni ó fà á?

Ìdáhùn: Nínú ìkùukùu tí ó tutù kọjá òdo, ẹ̀kán omi wà tí kò tíì dì, tí yóò sì dì bí ó bá ti kan etí iwájú apá. Ẹ̀rọ adáwakọ̀, tí a ti ní kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, á máa gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ láti fi dípò agbára ìgbéròkè tí ó sọnù, kò sì ní wí fún ẹnikẹ́ni. (Èyí ni mo kà sí ewu jù, nítorí pé ọwọ́ awakọ̀ kò sí lórí ìdarí láti mọ̀ ọ́n lára.) Apá tí yìnyín bò sì lè dẹ́kun gbígbé ọkọ̀ kí agogo ìkìlọ̀ tó dún. Ẹ gba ìdarí padà sọ́wọ́, ẹ fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì bọ́ sí ibi tí ìkùukùu kò sí tàbí tí ó móoru. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n rìrì, imú ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Rọ́bà etí iwájú apá, tí ń wú láti fọ́ yìnyín, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni a tún ń bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Ibi tí rọ́bà náà kò dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ọkọ̀ òfuurufú ATR 72 kan ń yípo lókè, ó ń retí àyè láti lọ balẹ̀, nítòsí Roselawn ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kán omi ńláńlá ṣàn kọjá rọ́bà kí ó tó dì, ó sì di ebè gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, níwájú àwọn pátákó ara apá tí ń mú kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lójijì ni afẹ́fẹ́ já pátákó náà gbà, ọkọ̀ náà yí dànù, gbogbo ènìyàn 68 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí yìnyín lẹ́yìn rọ́bà, tàbí tí ó ń bo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ má ṣe retí àmì mìíràn kí ẹ tó jáde kúrò nínú ìkùukùu náà.