Ẹja Mi Ń Kú Lọ́kọ̀ọ̀kan: Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Rẹ̀ Rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ìdí àpótí dígí tí mo ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí, mo sì bá gbogbo wọn lójú omi, tí wọ́n ń lanu, tí wọ́n ń pa á dé, bí ẹni pé èémí kò tó wọn. Méjì ti kú sísàlẹ̀. Kò sí egbò lára wọn, lẹbẹ wọn kò sì fàya. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé wọn.

Àrùn ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ní oògùn tí a ń lò nígbà tí àmì funfun bí hóró iyọ̀ bá yọ sára ẹja, mo sì ti ṣí ìdérí ìgò rẹ̀ kí n tó rántí pé n kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ìkankan nínú wọn. Ohun mìíràn tó dá ọwọ́ mi dúró ni pé àti ńlá àti kékeré ni ìnira náà mú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àrùn tó ń ràn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kan kó tó kan èkejì. Mo dé ìgò oògùn padà, mo sì lọ gbé ohun èlò tí a fi ń yẹ omi wò.

Mo bu omi àpótí náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, mo kán oògùn ìdánwò sí i, mo mì ín dáadáa, mo sì gbé e síwájú ìwé funfun. Bí kò bá sí amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá, níbẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni ìbá wà. Ìyeyè náà ni mo kọ́kọ́ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó ni ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí omi ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Nígbà tí mo fi wé káàdì àwọ̀, mílígíráàmù 2 ló wà nínú lítà kan, nígbà tó jẹ́ pé òdo ló yẹ kó jẹ́.

Nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo yọ fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, mo sì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ fi mọ́ kedere, mo tilẹ̀ ń yin ara mi. Inú fóòmù yẹn ni àwọn bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ di nitrite, tí òun náà léwu fún ẹja, ń gbé, àwọn mìíràn a sì sọ nitrite náà di nitrate, tí kì í tètè pa ẹja lára. Chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ti pa púpọ̀ nínú àwọn bakitéríà náà.

Mo pààrọ̀ ìdajì omi náà lójú ẹsẹ̀. Mo fi oògùn tó ń pa agbára chlorine sínú omi tuntun, mo sì rí i pé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú àpótí. Mo fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kún un, n kò sì fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, nítorí oúnjẹ ni amóníà ti ń wá. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹja kan ṣì kú lọ́jọ́ kẹrin.

Amóníà ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí nitrite gòkè ní ọjọ́ kẹsàn-án. Nitrite kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé afẹ́fẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Mo yọ́ iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì, gíráàmù 1 fún lítà kan, mo sì rọra dà á sí i, torí iyọ̀ máa ń dí nitrite lọ́nà àtiwọ inú ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, amóníà àti nitrite di òdo.

Nísinsìnyí, omi tí mo bá bù láti inú àpótí ni mo fi ń ṣan fóòmù náà, n kì í sì í fún un títí yóò fi mọ́. Àlejò kan rí i láìpẹ́ yìí, ó sì bi mí bóyá n kì í fọ̀ ọ́ ni.