Bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti mú fódà méjì bára mu

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí kéré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fódà méjì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti tó. Ẹ pe ọ̀kan ní Sabo, ẹ pe èkejì ní Igbogbo, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fojú inú wo oníṣòwò kan ní Ìkòròdú tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, tó sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ bára mu ní méjèèjì. Ẹ kó fáìlì kéékèèké mẹ́wàá sínú Sabo. Python 3, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni kẹ́ ẹ lò. Àwọn àkójọ kóòdù os, hashlib, json, shutil àti unicodedata tó ń bá a wá ti tó. Ẹ má tíì mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀ ọ́, torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sápamọ́ sí.

Kí os.walk yí fódà kọ̀ọ̀kan ká, kó kọ orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó, àti òǹtẹ̀ SHA-256 rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú ohun tó wà nínú fáìlì, sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni òǹtẹ̀ náà. Bí kóńmà kan péré bá yí padà nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ á yàtọ̀. Kí wọ́n máa ka fáìlì ní mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan, kí fídíò ńlá má baà kún RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé aago fáìlì dípò òǹtẹ̀, torí ó yá. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé fláàṣì tó ń to fáìlì ní ìlànà FAT32 ń ka aago ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, àti pé kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú lè gbà pé ọdún tó ti kọjá la wà.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù rèé. Ẹ bi wọ́n pé: owo.txt wà ní Sabo, kò sí ní Igbogbo, kí ni ká ṣe? Àwọn kan á ní ká dà á kọ sí Igbogbo, àwọn kan á ní ká pa á rẹ́ ní Sabo. Fódà méjì nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹlẹ́rìí kẹta la nílò: iranti.json, tó tọ́jú bí nǹkan ṣe rí nígbà tí méjèèjì bára mu kẹ́yìn. Bí owo.txt ò bá sí níbẹ̀, tuntun ni. Ẹ dà á kọ. Bó bá wà níbẹ̀, tí òǹtẹ̀ ti Sabo ò yí padà, a jẹ́ pé wọ́n pa á rẹ́ ní Igbogbo, ẹ pa ti Sabo náà rẹ́. Bí òǹtẹ̀ Sabo bá ti yí padà, ẹ má pa á rẹ́, ẹ dá a padà sí Igbogbo. Bí fáìlì náà bá wà níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí méjèèjì sì ti yí padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tọ́jú méjèèjì, kí ọ̀kan di owo-Igbogbo.txt. Kí wọ́n ya gbogbo èyí sórí pépà kí wọ́n tó kọ kóòdù.

Iná lè lọ nígbàkígbà. Nítorí náà, ẹ da fáìlì kọ sí orúkọ tó parí sí .tmp nínú fódà tó ń lọ gan-an, kẹ́ ẹ tó fi os.replace yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí .tmp bá wà lórí díìsìkì míì, os.replace ò ní ṣiṣẹ́. Iranti.json ló ń gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ ọ́ ṣáájú, tí iná sì lọ kí fáìlì tó dé Igbogbo, ètò náà á gbà lọ́jọ́ kejì pé wọ́n pa á rẹ́ níbẹ̀, á sì pa ti Sabo náà rẹ́.

Ewu tó jọ ọ́ ni ti fláàṣì tí wọ́n yọ. Os.walk kì í pariwo bí fódà ò bá sí. Òfìfo ló máa ń mú wá, ètò á sì kà á sí pé gbogbo fáìlì ti di píparẹ́. Ẹ fi fáìlì àmì kan sínú fódà kọ̀ọ̀kan. Bí àmì ò bá sí, kí ètò dúró. Ohun tó bá yẹ kó parẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí fódà ààtàn tí ẹ ti ní kí os.walk máa fò.

Àmì ohùn orí orúkọ fáìlì náà ń dá wàhálà sílẹ̀ fún àwa Yorùbá. Ẹ̀pẹ́.txt méjì lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀: Ẹ̀ lè jẹ́ kóòdù méjì tàbí mẹ́ta nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kí wọ́n fi unicodedata.normalize sọ orúkọ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, kí wọ́n tó fi wéra.

Fún ìdánwò, ẹ fún wọn ní fáìlì 500 MB, kẹ́ ẹ pa ètò náà láàárín ìdàkọ, kẹ́ ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà tí fáìlì kankan ò bá sọnù ni kẹ́ ẹ tó gbé Igbogbo lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì.