Bí mo ṣe wọkọ̀ ojú omi lọ ra ẹja láwọn abúlé etí adágún Kainji

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí níbí l'Abuja pé níbo ni mo ti ń rí ẹja gbígbẹ tó dáa báyìí, adágún Kainji ní ìpínlẹ̀ Niger ni o. Bida la gbà dé Mokwa, a wá yà sí New Bussa, ìlú tó wà nítòsí adágún náà. Kẹ́ ẹ tó gbéra ṣá, ẹ pe ẹni tó ń gbébẹ̀ kẹ́ ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn agbègbè yẹn ò ṣeé fi ṣeré. Èmi, àǹtí mi kan tó ti ń ta ẹja níbẹ̀ tipẹ́ ni mo pè, àwọn náà ló bá mi wá ọlọ́kọ̀.

Àǹtí ní ká ti wà létí omi kí oòrùn tó yọ. Mo ní Àǹtí, ṣé ẹja fẹ́ sá lọ ni? Wọ́n ní "Má dá mi lóhùn jàre, tó bá dọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́ gan-an, ìgbì omi á máa mi ọkọ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọkà." Wọ́n ò sì jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ kó èrò kún un, a kúkú fowó lé e, gbogbo wa la wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí ọkọ̀ tó rì nígbà tó ń lọ sí Warra ní ìpínlẹ̀ Kebbi lọ́dún 2021, èrò tó lé ní 150 ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ pákó o!

Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Kainji tí wọ́n fi dí odò Ọya lọ́dún 1968, omi bo ìlú Bussa àtijọ́ àti igbó, kùkùté igi sì wà nísàlẹ̀ omi títí dòní. A dé ibì kan, ọlọ́kọ̀ dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó dìde dúró ó ń wo iwájú, ni mo bá rí orí igi gbígbẹ kan tó yọ díẹ̀, ẹyẹ dúdú kan na ìyẹ́ méjèèjì lórí ẹ̀ ó ń yáàrùn. Ó yà mí lẹ́nu pé ìgbà ẹ̀rùn gan-an lomi yẹn ń kún jù, torí òjò tó rọ̀ lórí òkè Guinea lọ́hùn-ún máa rin oṣù mélòó kan gba orílẹ̀-èdè Mali àti Niger kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá wá fà, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin nǹkan sí.

Tẹ́ ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, ẹ má sáré yọ fóònù ya fọ́tò. Hausa díẹ̀ tó, "ina kwana" (ẹ káàárọ̀) yẹn máa ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ló ń yan ẹja, ààrò amọ̀ róbótó tí wọ́n tẹ́ wáyà lé, èéfín ń yọ, wọ́n ń fọwọ́ lásán yí ẹja padà àfi bíi pé iná ò jó wọn. Epìyà wà, àrọ̀ wà, àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn ń sá sórí ilẹ̀ náà wà.

Ibi tí Àǹtí ti kọ́ mi níṣẹ́ nìyí: ẹ má wo àwọ̀ ẹja. Ẹ gbé e wò, tó bá wúwo omi ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ wá ṣẹ́ ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí ẹran inú ẹ̀ bá rọ̀, ẹ dá a padà. Owó lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mú lọ o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró de álátì yín. Páálí tẹ́ ẹ dá ihò sí lára ni kẹ́ ẹ kó o sí, tẹ́ ẹ bá fi náílọ́ọ̀nù dì í, kẹ́ ẹ tó dé Abuja ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu.