Ẹ Mọ Iye Tí Kìlómítà Kan Ń Ná Yín Kí Ẹ Tó Gba Ẹrù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ máa ń rò pé ibi tí òun yóò ti rí ẹrù gbé ni ìṣòro wà. Ẹrù kì í sábà wọ́n. Ohun tó máa ń wó ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan tàbí méjì ni pé ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, awakọ̀ ń làágùn, síbẹ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ kò mọ̀ bóyá èrè ni òun ń jẹ tàbí ara ọkọ̀ náà ni òun ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí kò sinmi fún odidi ọdún kan, tí ẹni tó ni ín kò sì rí owó táyà nígbà tí táyà jẹ tán. Ìdí nìyí tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ lórí ìṣirò kí a tó dé orí ẹ́ńjìnnì.

Ìṣirò tó yẹ kí ó ṣáájú

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ pín ìnáwó ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì. Apá kìíní ni owó tí ẹ óò san yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn: ẹ̀yáwó tí ẹ fi rà á, owó adójútòfò, owó ìwé ọkọ̀, owó ibi tí ẹ ń gbé e sí, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, títí kan ti ẹ̀yin fúnra yín. Apá kejì ni èyí tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ rìn: dísẹ̀lì, ọ́ìlì, táyà, bíréèkì, àtúnṣe, àti owó tó ń lọ ní tóògéètì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé láti kọ sí apá méjèèjì, ìyẹn ni iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń pàdánù bó ti ń gbó. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ óò nílò òmíràn. Bí ẹ kò bá máa yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ láti inú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ ń pè ní èrè jẹ́ owó ọkọ̀ tí ẹ ń ná.

Ká ní apá kìíní jẹ́ 600,000 lóṣù, nínú irú owó yòówù tí ẹ ń ná. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 6,000 lóṣù náà, kìlómítà kọ̀ọ̀kan ru 100. Bí ó bá rin 3,000 péré, nítorí pé ó ń dúró de ẹrù tàbí pé ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kìlómítà kọ̀ọ̀kan ti ru 200. Dísẹ̀lì kò gbówó lórí, awakọ̀ kò ṣe àṣìṣe, síbẹ̀ ẹrù náà ti túbọ̀ wọ́n yín láti gbé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá iye lé ẹrù, ẹ má fi oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ ṣe ìṣirò; ẹ fi oṣù tí iṣẹ́ mọ níwọ̀n ṣe é, kí oṣù tó dára lè fi èrè kún èrè dípò kí ó máa dí ihò.

Ibi tí ìṣirò ti ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ jù lọ ni ìpadàbọ̀. Ẹlẹ́rù yóò sọ pé ibi tí ẹrù òun ń lọ jìn tó kìlómítà 500, ẹ̀yin náà yóò sì dá owó lé kìlómítà 500. Ṣùgbọ́n 1,000 ni ọkọ̀ yín yóò rìn bí kò bá rí ẹrù gbé bọ̀. Bí ó bá ń mu lítà 40 ní kìlómítà 100 nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí ó sì ń mu lítà 25 nígbà tó ṣófo, lítà 200 ni yóò fi lọ, lítà 125 ni yóò sì fi bọ̀. Lítà 125 yẹn kò sí nínú ìwé ẹlẹ́rù, ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò rà á. Kí ẹ tó gba ẹrù, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè rí gbé bọ̀ láti ìlú tó ń lọ. Bí kò bá sí, ẹ bu owó ìpadàbọ̀ mọ́ iye tí ẹ óò pè. Ẹrù ìpadàbọ̀ tí owó rẹ̀ kéré kò burú, bí ó bá ṣáà ti lè san dísẹ̀lì tó fi lé ti ọkọ̀ òfìfo, táyà tí yóò jẹ àti àkókò tí yóò gbà, kí nǹkan díẹ̀ sì tún kù. Àkókò yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Ọkọ̀ tó dúró ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹrù olówó pọ́ọ́kú ti pàdánù ẹrù gidi kan níbi tó ti wá.

Owó tó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù

Ẹni tó ń ta dísẹ̀lì ń gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, awakọ̀ ń retí owó oúnjẹ kí ó tó gbéra, ẹlẹ́rù ní tirẹ̀ sì lè sọ pé ẹ̀yìn ọjọ́ 45 ni òun yóò san. Bí ìrìn àjò kan bá ń gba ọjọ́ 5, ọkọ̀ yín yóò ti jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí owó ti àkọ́kọ́ tó wọlé, dísẹ̀lì ìrìn àjò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò sì ti kúrò lápò yín. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ ń fi èrè hàn ṣe ń kú. Oníbàárà kan fi owó ìrìn àjò mẹ́rin sí ọwọ́ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹrù tó dára sì dé lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà tí mo ní láti kọ̀ nítorí pé n kò ní owó dísẹ̀lì. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra ni a ń jà fún owó. Ẹ béèrè àsansílẹ̀ tó lè ra dísẹ̀lì àlọ àti àbọ̀, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí ìyókù owó gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ẹrù bá balẹ̀ náà ni kí ẹ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí ìwé yín bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 45 yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà kan ṣoṣo ni ju ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yín lọ, bó ti wù kí ó máa san dáadáa tó, torí ọjọ́ tó bá yí ọkàn padà, gbogbo ilé ni yóò mì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ra gbèsè tí ẹlẹ́rù jẹ ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: wọn á san púpọ̀ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn á sì yọ tiwọn. Ó wúlò nígbà ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń yọ kò ju èrè tí ẹ ń jẹ lórí ẹrù náà lọ.

Ìwé ẹrù ni ẹ̀rí yín nígbà tí àríyànjiyàn bá dé. Iye ẹrù, ipò tí ó wà, nọ́ńbà èdìdì tí wọ́n fi ti ẹrù pa, wákàtí tí ọkọ̀ dé, wákàtí tí wọ́n já ẹrù tán, àti orúkọ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Wákàtí dídé àti ti lílọ ṣe pàtàkì nítorí owó ìdúró. Bí àdéhùn bá ti sọ pé wákàtí méjì ni ẹ fún wọn láti já ẹrù, wákàtí tó bá lé lórí rẹ̀ ní owó tirẹ̀, ẹ kò sì lè gba owó náà láìsí àkọsílẹ̀. Kí awakọ̀ fi fóònù ya àwòrán ẹrù nígbà tí wọ́n bá gbé e lé ọkọ̀ àti nígbà tí wọ́n bá já a.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Táyà ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, ìyẹn ni ó sì ń mú un gbóná títí tí yóò fi bẹ́. Ojú táyà máa ń sọ̀rọ̀: bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ń jẹ ṣáájú àárín, afẹ́fẹ́ ti kéré jù, bí àárín bá ń jẹ ṣáájú, ó ti pọ̀ jù, bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń jẹ, ìdúró táyà náà ti yẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un tò. Níbi tí táyà méjì ti wà papọ̀, bí ọ̀kan bá rọ̀, èkejì ni yóò gbé ẹrù méjèèjì, awakọ̀ sì lè má mọ̀ láti orí àga. Nítorí náà, gééjì ni kí ẹ máa fi wọn afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù. Fífi ẹsẹ̀ gbá táyà kò tó.

Àtúnṣe tí ẹ ti yan ọjọ́ rẹ̀ kò lè wọ́n tó èyí tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà ń gba owó lọ́nà mẹ́ta: owó ẹni tí yóò wọ́ ọ, owó àtúnṣe ní ibi tí ẹ kò ti mọ mẹkáníìkì kankan, àti ẹrù tó kàn tí kò ní rí ọkọ̀. Ẹ ṣí ìwé kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ kìlómítà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà, bẹ́líìtì àti bíréèkì sí inú rẹ̀.

Ní ti àpọ̀jù ẹrù, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ìdánwò ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe ní Illinois ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1958 sí 1960 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí a bá sọ ẹrù tó wà lórí ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún ọ̀nà máa ń sún mọ́ ìlọ́po 16. Ọ̀nà tó ń bàjẹ́ yẹn ni ẹ ó tún gbà lọ́la. Bíréèkì náà kò mọ̀ pé owó pọ̀ lórí ẹrù: bí ẹrù ṣe wúwo tó ni ooru tó gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra ṣe ń pọ̀ tó, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn ó lè gbóná débi tí kò ní mú ọkọ̀ dúró mọ́. Kí awakọ̀ ti wọ jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ bá bíréèkì.

Awakọ̀

Àkókò tí ẹ bá dá fún ẹlẹ́rù ni awakọ̀ yóò sáré lé. Bí ọkọ̀ bá ń rin kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, tí a bá da ibi tó yá àti ibi tó falẹ̀ pọ̀, kìlómítà 500 yóò gba wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 20 lórí àga nìkan. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, àti pé wákàtí 9 ni ó lè fi wakọ̀ lóòjọ́, tí ó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí òfin ibi tí ẹ wà kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ má sì jẹ́ kí iye ìrìn àjò nìkan máa pinnu owó tí awakọ̀ yóò mú lọ sílé, torí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń retí oúnjẹ yóò fi oorun du ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dísẹ̀lì ni ó máa ń ba àárín ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ jẹ́ jù lọ. Ẹ máa kún táǹkì dé ẹnu lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iye lítà tó wọlé wé kìlómítà tí ọkọ̀ rìn, lórí ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù tó bára mu. Bí iye náà bá lọ sókè, ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, fílítà, bíréèkì tó ń fà, àti wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, torí ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan lè mu nǹkan bíi lítà 3 ní wákàtí kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pe awakọ̀, kí ìwé sì wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá pè é.

Ọkọ̀ kejì

Ẹ má rà á nítorí pé oṣù kan dára. Ẹ dúró títí ẹ óò fi ní owó ìnáwó oṣù mẹ́ta ti apá kìíní nípamọ́, pẹ̀lú owó tó lè tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣe pátápátá, tí ẹ sì ti ń kọ iṣẹ́ tó dára léraléra nítorí àìtó ọkọ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ni ẹ ń wa ti àkọ́kọ́, ẹ rántí pé ti kejì yóò nílò awakọ̀ tí ẹ ó máa san owó fún, yóò sì nílò ẹni tí yóò máa dáhùn fóònù àwọn ẹlẹ́rù nígbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà, kí ẹ sì ti fi owó àwọn méjèèjì sínú ìṣirò kìlómítà kan kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ kankan. Nígbà tí ẹ bá sì ń wò ó, ẹ yan irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ ní, kí táyà àpamọ́, fílítà àti bẹ́líìtì tó wà nílẹ̀ lè bá méjèèjì mu, kí mẹkáníìkì yín má sì ní láti kọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun lórí ọkọ̀ yín.