Ta Ni Yóò San Owó Ọ̀dà? Ìbéèrè Àwọn Tó Ń Kó Kúrò Nílé, Àti Ìdáhùn Péńtà

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mò ń ṣe l'Ékòó. Ìgbà tí ayálégbé bá ń kó jáde ni wọ́n máa ń pè mí, nítorí náà àárín ìjà ni mo máa ń bọ́ sí: ajẹ́ńtì ní òun ò ní dá owó kọ́ṣọ̀n padà (owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́), ayálégbé ní òun ò ba nǹkan kan jẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n fọ ilé kí n tó lọ?

Ìdáhùn: Dandan ni. Ẹ gbálẹ̀, ẹ fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, ẹ kó pàǹtí yín. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná, ìdọ̀tí ni, kì í ṣe pé ilé gbó.

Ìbéèrè: Gílóòbù, kọ́kọ́rọ́ àti owó iná ńkọ́?

Ìdáhùn: Gílóòbù tó ti jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà, títí kan èyí tẹ́ ẹ gé fún àbúrò yín. Ẹ san owó iná àti owó PSP tó ń kó pàǹtí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ìbéèrè: Ihò tí mo lù sára ògiri ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìṣó tẹ́ ẹ fi gbé kàlẹ́ńdà kọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí rẹ̀. Ihò ńlá tẹ́ ẹ lù fún AC, tiyín ni, àfi tí onílé bá ti fún yín láṣẹ nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà dí i. Ẹ sì dákun, ẹ yé fi ọṣẹ ìfọyín dí ihò. Mo máa ń rí i.

Ìbéèrè: Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé ibẹ̀. Ajẹ́ńtì ní kí n kun gbogbo ilé kó rí bí mo ṣe bá a.

Ìdáhùn: Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní kí ayálégbé tọ́jú ilé dáadáa, ṣùgbọ́n ó yọ ohun tó gbó nítorí lílò kúrò. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó gbó ni. Ògiri tí ọmọ fi bírò kọ, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fọ́ nígbà ìjà, ìyẹn kò gbó, ẹ bà á jẹ́ ni, ẹ san án.

Ibi tí wọ́n ti ń mú yín nìyí: òfin yẹn fàyè gba ohun tí ẹ bá jọ kọ sínú ìwé àdéhùn. Bí ìlà kan níbẹ̀ bá ní kí ayálégbé kun ilé kó tó jáde, tẹ́ ẹ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìkà á, ẹ má pè mí ní ẹlẹ́rìí. Òfin náà kò sì kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà.

Ìbéèrè: Wọn ò fún mi ní rìsíìtì owó kọ́ṣọ̀n.

Ìdáhùn: Rìsíìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró, kó má wọnú ti owó ilé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó lẹ́ ẹ ti í bèèrè rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìbéèrè: Ògiri yàrá mi ń wú, ọ̀dà ń bó, nǹkan funfun bí iyẹ̀fun ń dà sílẹ̀. Ajẹ́ńtì ní èmi ni mò ń da omi sí i.

Ìdáhùn: Èyí ni kí ẹ jókòó gbọ́. Ilé kan wà ní Ṣómólú tó yọ mí lẹ́nu gan-an. Ògiri tó wà láàárín yàrá àti ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń bó, láti ilẹ̀ dé orókún. Mo ha á, mo kùn ún, ó tún wú. Onílé ní mo da omi lu ọ̀dà. Ó ní kí n fi ọ̀dà ọ́ìlì kùn ún. Mo ní omi inú ògiri kò ní rí ibi gbà jáde, ó ní kí n ṣáà kùn ún. Ọ̀dà náà ṣí kúrò lódindi bí ìgbà tí ejò bọ́ awọ.

Ayálégbé kó jáde, wọ́n yọ owó ọ̀dà nínú kọ́ṣọ̀n rẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi omi ṣeré. Ilé ṣófo, a tìlẹ̀kùn. Ọyẹ́ dé, a padà débẹ̀, ògiri náà ṣì tutù. Ọmọ ta ló wá ń fi omi ṣeré níbẹ̀?

Mo mú ọ̀rá, ìyẹn náílọ̀n, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sójú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ yàrá ló lọ́rinrin, ẹ ṣí fèrèsé. Bí ó bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Ẹ̀yìn ló wà. Ó ku omi ilẹ̀ àbí páìpù. Omi ilẹ̀ kì í sábà yan ògiri kan ṣoṣo, àwọn ògiri yòókù tó wà lórí ìpìlẹ̀ kan náà sì gbẹ táútáú. A ti omi tó ń bọ̀ láti táǹkì, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Púlọ́ńbà tú táìsì, ó bá oríkèé páìpù ṣáwà tó ń kán sínú búlọ́ọ̀kù. Nǹkan funfun yẹn, iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn ni, omi ló ń gbé e jáde. Kò sí ọ̀dà tó lè bò ó bí omi náà ò bá dúró.

Ayálégbé gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọn kì í ti í gba owó láti parí ìjà. Mo tẹ̀lé e, mo mú fọ́tò páìpù dání, onílé sì dá owó rẹ̀ padà. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá a ni pé ẹnu lásán ló fi sọ fún ajẹ́ńtì nígbà tí ògiri kọ́kọ́ wú, ajẹ́ńtì sì ní òun ò gbọ́. Òfin ní kí ayálégbé tètè jẹ́ kí onílé mọ̀ bí ilé bá bàjẹ́ gidi. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ fi fọ́tò tì í.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tú táìsì fúnra mi, kí n wo páìpù náà?

Ìdáhùn: Rárá. Ilé onílé ni, táìsì tẹ́ ẹ bá sì fọ́ ni wọn yóò yọ nínú kọ́ṣọ̀n yín. Ẹ ti omi, ẹ kọ̀wé sí onílé, kó wá púlọ́ńbà tó mọṣẹ́.